Àgbélébùú Ẹ̀yìn Orúkọ Màmá

Santa Inés Yalagui, Oaxaca
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Abdón, àbúrò mi,

Mo kí ọ. Bàbá kí ọ. Ara Bàbá le. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò ríran tó bí o ṣe gbọ́ kẹ́yìn. Ajá wa bí mẹ́rin. Àgbàdo ti ń gbó. Mo kọ́kọ́ to ìròyìn wọ̀nyí sílẹ̀ kí ó má baà jẹ́ pé ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé mi.

Lẹ́tà ni mo ń kọ, n kò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n ó pariwo, o sì mọ̀ pé èmi kì í pariwo. Tranquilino ni yóò gbé e wá nínú ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú súkúlàtì àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin méjìlá. Má ṣe ka búrẹ́dì náà sí àmì ìdáríjì. Bàbá ló ní kí n fi sí i.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Lánàá, a lọ ṣe ìrántí ọdún kẹjọ olóògbé Macedonio ní itẹ́ òkú. Wenceslao, olórí ẹgbẹ́ afunfèrè wa, ti gba orin ìsìnkú Macedonio láti orí ìkànnì ìlú, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó pín in fún àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibojì láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Afunfèrè mọ́kànlá gbé fèrè sẹ́nu. Orin ijó ìgbéyàwó ló jáde. Opó Macedonio yíjú sí mi, ó ní, “Crisanta, ṣé ọkọ mi tún fẹ́ fẹ́yàwó ni?”

Mo padà délé, mo ṣí ìkànnì náà. Ìwé orin tí Bàbá kọ, igba ó lé méjìlá, ni mo fi ọdún méjì yà sínú kọ̀ǹpútà tí mo sì kó síbẹ̀. Ohun tó kù jẹ́ àrúndínlọ́gọ́sàn-án. Gbogbo orúkọ tí Bàbá fún wọn ni ẹnìkan ti fá lórí.

Ìwọ ni ìpàdé ìlú fi sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà ró, sí lọ́wọ́. Àwọn tó wà nílé ń tún ọ̀nà àti odò ṣe. Iṣẹ́ ìlú tìrẹ, ìwọ tó wà ní òdìkejì ààlà, ni pé kí o tọ́jú ìkànnì yìí. Èmi ni mo dìde láàárín ìpàdé tí mo ní o lè ṣe é. Nítorí náà, dá mi lóhùn lórí ìbéèrè mẹ́ta: Kí lo ṣe? Ọjọ́ wo lo ṣe é? Ta ló kọ́ ọ?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Crisanta


Los Angeles
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ tún kú àmúmọ́ra mi. Búrẹ́dì dé, ó ti gan, mo rì í sínú súkúlàtì gbígbóná, mo sì jẹ mẹ́rin kí n tó ṣí lẹ́tà. Mo mọ ìwé yín. Bí mo bá ti kà á tán, oúnjẹ kankan kò ní lọ.

Mo ti gba ìbáwí mi. Ẹ wá jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀.

Ẹ mọ bí Bàbá ṣe ń sọ orin lórúkọ. Bàbá ò lè pe orin ní “Orin Kejì” kó dákẹ́ bí ẹlòmíì. “Ta Ni Ẹ́ Gan-an?” ni wọ́n máa pè é, pẹ̀lú àmì ìbéèrè níwájú àti lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílùú wa. Òmíràn, “Ti Nicanor #3 (kì í ṣe èyí tó burú)”. Ẹ̀yin náà sì tẹ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sórí fáìlì, àlàfo àti gbogbo ẹ̀ṣọ́. Ó lẹ́wà o. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ afunfèrè wa níbí bá fẹ́ fi àdírẹ́sì orin kan ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, ibi tí àlàfo bá wà ni àdírẹ́sì ń já sí. Èyí tó ní #, sáfà kì í rí ohunkóhun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ní àmì ìbéèrè, ó rò pé ìbéèrè là ń bi òun. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Heladio tó ń fun fèrè ńlá ń pè mí níbi iṣẹ́: “Abdón, orin rẹ ò ṣí! Abdón, ṣé sáfà ló kú ni àbí ìwọ?” Ẹ rántí pé aṣọ ìbùsùn hòtẹ́ẹ̀lì ni mò ń fọ̀, kì í ṣe sáfà.

Ni mo bá rí ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ẹnìkan kọ sórí ayélujára. Wọ́n ní ó máa ń fọ orúkọ fáìlì mọ́: ó ń yọ àlàfo, ó ń yọ àmì, ó ń sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló gbà. Heladio ò pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì rò pé mo ti di ẹni ńlá.

Ẹ má bínú. Ẹ bá mi bẹ opó Macedonio. Ṣé ó kéré tán, ijó náà dùn?

Abdón yín


Santa Inés Yalagui
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án

Abdón,

Mo kí ọ. Bàbá ń béèrè bóyá o ń jẹun dáadáa. Mo sọ fún un pé o ń jẹun kí o tó ka lẹ́tà.

Mo ti wádìí ohun tí ètò rẹ ṣe, n ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ ní títò, bí ẹni pé ìwọ kò dàgbà sábẹ́ tábìlì tí Bàbá ti ń kọ orin.

Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ní ìlú yìí, Bàbá a kọ orin ijó fún un, a sì fi orúkọ ẹni náà pe orin. Bí ẹni náà bá kú, Bàbá a mú egungun orin ijó kan náà, a fi kọ orin ìsìnkú, orúkọ kan náà ni yóò sì jẹ́. Àgbélébùú kékeré tí Bàbá ń fà sẹ́yìn orúkọ nìkan ló ya orin alààyè sọ́tọ̀ kúrò lára orin òkú. Bí Bàbá ṣe kọ ọ́ sórí ìwé ni mo ṣe kọ ọ́ sórí sáfà: “Macedonio” àti “Macedonio †”.

Ètò rẹ rí àgbélébùú, ó kà á sí ìdọ̀tí, ó yọ ọ́. Fáìlì méjì wá ń jẹ́ orúkọ kan, sáfà kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Orin ìsìnkú ló kọ́kọ́ fọ̀. Nígbà tó fọ orin ijó tán, ó gbé e lé orí èkíní, èkíní sì parẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógójì. Kò béèrè lọ́wọ́ rẹ, nítorí pé ìwọ kò sọ fún un pé kí ó béèrè.

Ohun tó yẹ kí o ṣe kò ju ìlà kan lọ. A kì í yí orúkọ fáìlì padà. Àdírẹ́sì tí a kọ sínú ìkànnì ni à ń tún kọ: a ó fi àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún (%) àti nọ́ńbà rẹ̀ rọ́pò gbogbo àmì tí kò lè rin ìrìn-àjò. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ sáfà, sáfà fúnra rẹ̀ á tú u, á sì rí orúkọ náà ní pípé. Mo kọ èyí sínú ìwé ìlànà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ojú ewé kẹfà. O kò ka ojú ewé kẹfà.

Mo ti dá mẹ́rìndínlógójì padà láti inú dísìkì mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ku ẹyọ kan. Màmá ni.

Màmá kú ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Wenceslao ló fi fóònù rẹ̀ ya orin náà lọ́jọ́ ìsìnkú tó sì gbé e lọ tààrà sórí sáfà, nítorí pé èmi wà lọ́dọ̀ òkú. O mọ àṣà: orin ìsìnkú ẹni tí ọdún rẹ̀ kò tíì pé, a kì í ṣí i, a kì í fun ún, kí ó má baà pe ẹlòmíràn lọ. Mo pa àṣà náà mọ́. N kò fọwọ́ kan fáìlì náà, n kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí ilé ẹgbẹ́ afunfèrè nígbà tí òjò oṣù kẹfà ya òrùlé ibẹ̀. Ìgbà tí a ṣí àpótí náà, ìwé ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ọdún Màmá yóò pé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ náà ni a óò gbé àgbélébùú rẹ̀ dìde, ẹgbẹ́ afunfèrè yóò sì fun orin rẹ̀. Fi ẹ̀dà tí o ṣe kí o tó tẹ ètò náà ránṣẹ́ sí mi.

Crisanta


Los Angeles
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárẹ̀.

Mi ò ṣe ẹ̀dà.

Mo kọ gbólóhùn yẹn, mo fi ìwé sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo tún padà wá, ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ti bi Heladio. Mo ti bi gbogbo ẹgbẹ́ wa níbí. Kò sẹ́ni tó ní in. Gbogbo wọn ló pa àṣà mọ́. Heladio tiẹ̀ fi ọwọ́ bo etí nígbà tí mo béèrè.

Ṣé Bàbá lè tún un kọ? Ẹ ṣáà jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máa kọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, orin ijó Màmá ṣì wà níbẹ̀. Egungun kan náà ni, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fun ún díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n dín ìlù kù, bóyá kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ. Mi ò tíì mọ bí n ṣe máa sọ ọ́.

Abdón


Santa Inés Yalagui
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá

Abdón,

Mo kí ọ.

Mo jókòó ti Bàbá ní ọ̀sán mẹ́rin, pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Ó ń bẹ̀rẹ̀ orin ìsìnkú náà dáadáa. Tó bá dé ìlà kẹsàn-án, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì, ojú rẹ̀ á tàn, á sì ti bọ́ sínú orin ijó. Mo dá a dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún bọ́ síbẹ̀. Ní ọ̀sán kẹrin ó sọ fún mi pé, “Crisanta, fi mí sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá a jó ni mo máa ń lọ, n kò mọ ọ̀nà ibi kejì mọ́.” N kò tún bi í mọ́.

O ní bóyá kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá á mọ̀. Ojú ló fọ́, etí kò di.

Ní ti ohun tí o kò mọ bí wàá ṣe sọ, n kò dúró dè é. Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, o pè. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lo lò. O béèrè bóyá òjò rọ̀, o béèrè iye ènìyàn tó wá, o ní kí n kí Bàbá. Mo mọ̀ pé o kò níwèé tí wàá fi gba ààlà kọjá tí wàá sì padà. N kò bínú pé o kò wá. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ọjọ́ náà, o kò tíì pe orúkọ Màmá létí mi lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ tí kò wárìrì ni o fi tẹ ètò yẹn.

Tranquilino ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò sí búrẹ́dì.

Crisanta


Santa Inés Yalagui
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹwàá

Abdón, àbúrò mi,

Tranquilino ti lọ, ó ti bọ̀, kò mú nǹkan kan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ. Mo rò pé lẹ́tà mi tó kẹ́yìn ló fà á.

N ó sọ ohun tí mo ṣe fún ọ bí mo ṣe ṣe é. Nígbà tí mo to sáfà yẹn, mo pàṣẹ fún un pé kí ó máa kọ gbogbo ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni bá bi í sílẹ̀, ìlà kan fún ìbéèrè kan, kí ó má sì nù ún títí ọdún yóò fi yí. Ní ọjọ́ Àìkú, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Ohun tí mo ń wá ni ẹnikẹ́ni, níbikíbi, tó bá ti rú àṣà tó sì ṣí orin Màmá. Mo ti múra láti bá ẹni náà wí, kí n tó bẹ̀ ẹ́.

Orúkọ Màmá, Eduviges, kò rí bí a ṣe kọ ọ́. Àlàfo àti àgbélébùú ti di nọ́ńbà nítorí ìrìn-àjò: Eduviges%20%E2%80%A0.pdf. Mo mọ̀ ọ́n kà. Mo tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìlà èkíní: ọjọ́ ìsìnkú, aago mẹ́ta ọ̀sán, wákàtí tí a ń sọ Màmá kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, Àìkú kejì. Ogójì Àìkú, kò fo ọ̀kan, títí kan Kérésìmesì. Fóònù kan ṣoṣo, ní Los Angeles, láti ojúlé kan náà tí o ti ń wọlé tún sáfà ṣe.

Mo rí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ pẹ̀lú, Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí o tẹ ètò náà. O béèrè Màmá, sáfà ní kò sí. O tún béèrè, ó ní kò sí. O béèrè nígbà mẹ́tàdínlógún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi kò tíì kọ lẹ́tà mi èkíní sí ọ nígbà náà. O ti mọ̀. O mọ̀ ọ́n nígbà tí ò ń bi mí bóyá ijó náà dùn.

Mo ka ìlà mẹ́tàdínlógún yẹn, mo sì dìde lọ síta lọ dúró lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ajá.

Gbólóhùn tí mo kọ nípa ọwọ́ rẹ, mo mú un kúrò. Kì í ṣe òótọ́.

Nísinsìnyí, fara balẹ̀, ṣe ohun tí mo bá wí. Irú fóònù tí ìwé náà dárúkọ kì í ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lásán. Ó máa ń kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ sínú ara rẹ̀ kí ó tó fi hàn ọ́, kì í sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ìgbà tí o rò pé ò ń wò ó, ò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Wá fóònù náà. Ṣí ibi tó ń kó ohun tó bá gbà sílẹ̀ sí.

Jọ̀wọ́.

Crisanta


Los Angeles
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Fáìlì náà á ti dé ọ̀dọ̀ yín lórí kọ̀ǹpútà kí Tranquilino tó dé. Lẹ́tà yìí kàn ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Mo ti pààrọ̀ fóònù ní oṣù kẹsàn-án. Ti àtijọ́ wà nínú àpótí fèrè mi, bátìrì rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì. Heladio ló bá mi wá bátìrì mìíràn. Ó jókòó tì mí, ó ń ṣépè fún mi ní gbogbo ìgbà náà pé mo rú àṣà: “Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo fà á tí eyín fi ń dùn mí lọ́dún yìí!” Nígbà tí iná fóònù tàn, ó sún mọ́ mi kí òun náà lè rí i.

Màmá mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, fóònù fi nọ́ńbà sẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àgbélébùú náà wà lórí gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Ọjọ́ Àìkú, iléeṣẹ́ ìfọṣọ wa kì í ṣí. Mo ní kọ́kọ́rọ́. Mo máa ń wọlé, máa tan ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá méjì sílẹ̀ láìkó nǹkan sínú wọn kí aládùúgbò má baà gbọ́, máa gbé fóònù ti páálí ọṣẹ, máa fun apá tèmi nínú orin Màmá. Apá fèrè idẹ kejì nìkan. Àwọn tó kù ò sí níbẹ̀, torí náà ibi tó bá yẹ kí n dúró, mo máa ń dúró, máa ka ìlà wọn lójú, ká tó jọ máa lọ. Mi ò lè sọ fún yín. Mo ronú pé bí ẹnikẹ́ni bá kú nílé lọ́dún yìí, èmi ni mo pè é lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè òjò dípò kí n dárúkọ Màmá.

Ẹ fún opó Macedonio ní nǹkan kan lórúkọ mi. Mo ti ka ojú ewé kẹfà.

Abdón yín


Santa Inés Yalagui
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá

Abdón, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, Bàbá kí ọ, Wenceslao kí ọ, opó Macedonio sì ní ijó náà dùn, kí n sọ fún ọ.

O gbọ́ orin Màmá lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n fóònù kì í gbé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹsàn-án, ibi tí Bàbá ti ń ṣìnà, mo di apá rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò lu nǹkan kan. Ó tẹ́tí títí dé òpin, ó wá sọ pé, “Ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn.” Nígbà tó yá, ó béèrè ẹni tó ń fun fèrè idẹ kejì. Mo ní kò sí. Àwọn tó wà nílé kò pé, Wenceslao fi àyè náà sílẹ̀ lófo. Bàbá ní rárá, òun gbọ́ ọ. N kò bá a jiyàn. Fóònù tí mo fi pè ọ́ wà ní ìṣí lórí òkúta ibojì, mo sì mọ ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀rù tí ń bà ọ́ ńkọ́? Mo ti ka àwọn tó kú ní ìlú yìí láàárín ọdún náà. Ẹnìkan péré ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ó bọ́ lórí àkàsọ̀ níbi tó ti ń ká èso. Kì í ṣe ìwọ lo gbé e gùn ún.

Mo ti ṣe ìlànà sáfà ní ọ̀tun. Orúkọ gbogbo ti padà sí bí Bàbá ṣe sọ wọ́n, pẹ̀lú àmì ìbéèrè, àlàfo àti ẹ̀ṣọ́ wọn. Ẹ̀dà mẹ́ta ló wà báyìí: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ Wenceslao, ọ̀kan yóò wà lọ́dọ̀ rẹ. Ìpàdé ìlú béèrè bóyá kí a fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Mo tún dìde. Mo ní o ṣì lè ṣe é.

Ohun kan ṣẹ́kù. Láti ọjọ́ tó gbọ́ orin Màmá, Bàbá ń kọrin lẹ́nu láàárọ̀, ó ní kí n jókòó kí n máa kọ ọ́. A parí rẹ̀ lánàá. Orin ijó ni. Mo rán an létí pé o kò tíì gbéyàwó. Ó ní òun kò lè dúró dè ọ́ mọ́. Mo ti gbé e sórí sáfà, òun ni igba ó lé mẹ́tàlá. “Abdón” ni orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àmì tó wà lórí lẹ́tà o. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Má ṣe fi nǹkan kan sí i. Iṣẹ́ rẹ kò ju kí o ṣí i lọ, ní ọjọ́ tó bá wù ọ́.

Búrẹ́dì mẹ́rìnlélógún wà nínú páálí. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Crisanta